Iṣu Tí Ìyá Alájá Sun Lórí Òkè

Ìyá mi àgbà kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó ku ilẹ̀ kan ṣoṣo kó mọ́ kí wọ́n tún gun òkè. Ìdó ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù. Ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ta ló máa mú Tanímọ̀la jáde lọ́la?" Tanímọ̀la ni ajá wọn. Ẹni tó pè mí ní kí n jókòó, kí n mu omi. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Bóyá ó tilẹ̀ dàrú lóòótọ́, nítorí títí di ìsinsìnyí, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́, mo máa ń gbọ́ ìró ọ̀pá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé kékeré tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú sọ iye ọmọ tí wọ́n bí àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á láti òkè délẹ̀, n ò rí ajá kan níbẹ̀, n ò rí òkè. Òkú ta wá ni wọ́n ń sin? Ìyá tí èmi mọ̀, Ìyá Alájá ni gbogbo Ayégbajú, ìlú wa, ń pè wọ́n. Láràárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń kó ajá jáde. Wọn ò mú ọkọ́, wọn ò mú àdá, wọn ò sì ní oko lápá ibẹ̀. Nílùú tiwa, ẹni tó bá jí jáde gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń lọ ṣe. Àgbẹ̀ tó bá pàdé wọn á béèrè pé ṣé oko ni, wọ́n á ní rárá. Ṣé ọjà ni? Rárá. Ibo wá ni? Wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ka sí òkè, wọ́n á ní, "Ajá mi ló ń mú mi lọ najú."

Òkè náà ò jìnnà. Ẹ̀yìn ìlú ló wà, àpáta dúdú ràgàjì tí koríko hù yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ẹ ó dé odò kékeré kan tí àwọn ajá ti máa ń mumi, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga lábẹ́ ẹsẹ̀ yín díẹ̀díẹ̀. Lásìkò òjò, ìkùukù máa ń bo gbogbo ibẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ mímí ajá níwájú, ẹ ò ní rí i. Gèlè funfun Ìyá á wọnú ìkùukù lọ, á tún yọ, á tún wọlé. Mo kéré gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, mo sì rò pé ọ̀run la ń gùn lọ. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo di etí aṣọ wọn mú, mo ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, inú mi sì ń dùn.

Wọ́n ní òfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ òkúta lu ajá. Ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú igi ìdáná kan dání. Ọmọ àdúgbò tó bá ní ajá lè mú tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ajá tó dàgbà jù ló ń ṣíwájú, nítorí òun ló mọ ibi tí ejò máa ń sùn sí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àfẹ̀mọ́júmọ́ la ti ń lọ, ká lè padà kí oòrùn tó mú. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpáta, wọ́n á gbé e síbẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ. Tó bá ti gbóná, ilé yá nìyẹn, kódà bí iṣu ò bá tíì jinná. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi tó wọ bàtà kánfáàsì ń ráhùn pé ìgbóná wo ni Ìyá ń sọ, òun ò mọ ìgbóná kankan. Ìyá ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wọ bàtà. Bi ẹni tí ò wọ̀ ọ́."

Iṣu náà ńkọ́? Háà, iṣu yẹn! Uṣu ni wọ́n ń pè é, bí gbogbo wa ti ń pè é nílé. Lórí òkè, wọ́n á kó igi wa jọ sáàárín òkúta mẹ́ta, wọ́n á dáná, wọ́n á ti iṣu bọ̀ ọ́. Bó ti ń jinná, a ó jókòó máa wo ìlú. Páànù ilé á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìkùukù, lẹ́yìn náà ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yẹ́, lẹ́yìn náà àwọn òkè apá Ìkọ̀lé lọ́ọ̀ọ́kán, aláwọ̀ aró. Wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ nílé á kàn máa fi ọwọ́ ra etí ajá, ojú wọn á lọ jìnnà. Tí iṣu bá jinná, wọ́n á ha eérú rẹ̀ kúrò, wọ́n á bù ú, ajá ni wọ́n á sì kọ́kọ́ fún. Ọdẹ ni bàbá wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé nínú ìrìn tí ajá bá báni lọ, ajá ló ń kọ́kọ́ jẹ. Tí ebi bá ń pa wá, tá a bá ń kùn, wọ́n á ní, "Ó ti sáré ju gbogbo yín lọ."

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni mò ń ròyìn o. Ìyá mi àgbà lẹ́nu. Ìgbà kan wà tí Ìyá Bọ̀dé, aládùúgbò wa tí ògiri rẹ̀ fara kan tiwa, lọ fẹjọ́ wọn sun àwọn àgbà àdúgbò pé ajá wọn ń gbó jù. Ajá tí Ìyá gbà lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́ńsinmi. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí a ti ń ṣe é: ẹni tó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò fẹ́ jà á fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá rẹ̀ lórúkọ. Láràárọ̀, wọ́n á lọ dúró sẹ́bàá ògiri, wọ́n á máa ké pe Jẹ́ńsinmi ní ohùn rara. Ajá á ti jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ṣì ń pè é. Kí la tún gbọ́? Ìyá Bọ̀dé náà gba ajá tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Kínimoṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀. A rọra ń rẹ́rìn-ín nínú ilé.

Ṣùgbọ́n àwọn ajá ò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Kínimoṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé Jẹ́ńsinmi, títí tó fi bá wa gun òkè. Ní Sátidé kan, Ìyá Bọ̀dé wá a wá a, kò rí i, ó bá tọ ẹsẹ̀ wa débẹ̀. Bó ti yọ sí wa lórí àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìró aṣọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Gbogbo wa ń retí èébú. Ìyá sún fún un, wọ́n bu iṣu fún un. Wọ́n ní, "Jókòó. Àwọn ajá ti bá wa parí ẹ̀."

Ọ̀pọ̀ òkè ló wà lágbègbè wa tí àwọn èèyàn ń gùn lọ gbàdúrà. Nítorí náà, ó pẹ́ tí àwọn kan fi gbà pé ààwẹ̀ ni Ìyá ń lọ gbà lọ́hùn-ún, pé ajá yẹn kàn jẹ́ ìbòjú. Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wá kúnlẹ̀ nílé wa pé kí wọ́n bá òun gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ òun lọ sí orí òkè. Ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé ni Ìyá, wọn kì í pa ìsìn jẹ, wọ́n sì gba orúkọ ọkọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn á dárúkọ rẹ̀ níbi ibùsùn àwọn. Ṣùgbọ́n ti òkè, wọ́n ní rárá. "Mi ò lọ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀. Mo máa ń lọ kí I ni."

Dádì Lékan, àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń gbé l'Ékòó. Ó gbìyànjú títí kí Ìyá lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó fẹ́ràn wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n lọ, wọ́n fi ajá sọ́dọ̀ Ìyá Bọ̀dé. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n jáde, wọ́n ń rìn yíká àdúgbò Dádì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tẹ̀lé wọn, ó béèrè ilé ẹni tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní àwọn ò wá ẹnì kankan. Ó bá mú wọn padà sílé bí ẹni mú ọmọ tó sọnù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti padà sí Ayégbajú. Wọ́n ní Èkó dára, omi ń yọ lára ògiri, oúnjẹ pọ̀. "Ṣùgbọ́n ìlú tí mi ò ti lè rìn láìwá ẹnì kan, mi ò lè gbé ibẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ ti okùn báyìí.

Àǹtí Fúnkẹ́, àbígbẹ̀yìn Ìyá, fẹ́ fẹ́ ọmọ Ìrè. Ìrè ò jìnnà sí wa, ọ̀kadà ló ń gbéni débẹ̀. Ìlú Ògún ni, ẹni gbogbo ló sì mọ ẹran tí Ògún ń jẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ wá mọ̀ wá, bàbá ọkọ, tí gbogbo wa wá ń pè ní Bàbá Ìrè, rí Tanímọ̀la lábẹ́ igi ọsàn. Ọmọdé ajá ni nígbà náà, pupa rokoṣo, ara rẹ̀ ń dán. Bàbá Ìrè yìn ín títí. Dádì Lékan, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn tí wọ́n bá yìn ín, fọwọ́ sọ̀yà pé tàna ni, pé tí ọdún Ògún bá dé kí wọ́n wá mú un. Lọ́kàn tirẹ̀, kí ni èèyàn tún ń sin ajá fún? Ìyá wà nílé ìdáná nígbà náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá Ìrè wá fúnra rẹ̀. Ó wé okùn mọ́ ọwọ́, ọ̀kadà ń dúró dè é lójúde. Ìgbà yẹn ni aṣírí tú. Dádì Lékan tó wálé fún ètò ìgbéyàwó ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ìgbéyàwó ò tíì wáyé. Tá a bá kọ̀, àwọn àna á ní ilé wa ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu. Tá a bá gbà, ta ló máa tú Tanímọ̀la fún un lójú Ìyá? Àǹtí Fúnkẹ́ wọ yàrá lọ, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin. Wọn ò pariwo. Wọ́n wo Dádì Lékan títí tó fi sorí kọ́, wọ́n wá yíjú sí Bàbá Ìrè, wọ́n béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ò tíì jẹ. Wọ́n ní ó dáa, Sátidé lòní, ajá náà ò tíì najú, kí wọ́n jọ mú un dé òkè ná kó tó máa mú un lọ. Àna wo ló máa kọ ìyẹn fún ìyá ìyàwó? Ó gbé okùn kọ́ èjìká, ó tẹ̀lé wa.

Mo wà níbẹ̀. Ìkùukù pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé okùn èjìká rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, tó ń mì síwájú mi. Mo ń gbàdúrà kí òkè gùn sí i, kí a má débẹ̀ mọ́. Bàbá Ìrè ń sọ láàárín èémí pé òun ò gun òkè rí láìjẹ́ pé òun ń lépa ẹran. Nígbà tá a dé orí àpáta, Ìyá dáná, wọ́n sun iṣu bí ìṣe wọn. Wọ́n bù ú sí méjì. Wọ́n fún Tanímọ̀la ní apá kan, wọ́n ta epo sí èkejì, wọ́n fi fún Bàbá Ìrè. Ó jẹ ẹ́, ó ní iṣu náà dùn. Ajá gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí Bàbá Ìrè lá epo ìka rẹ̀ tán ni Ìyá tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ kọ́ mi ní nǹkan kan. Ẹni tó bá bá ajá jẹ nínú uṣu kan náà lórí òkè, wọ́n ti di ará ìrìn kan. A kì í sì í fi okùn sọ́rùn ará ìrìn ẹni."

Bàbá Ìrè wo eèpo iṣu, ó wo ajá, ó wo Ìyá. Ìgbéyàwó Àǹtí Fúnkẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi ikùn rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ó ní, "Àna mi, okùn lèmi mú wá. Uṣu lẹ fi dè mí."

Ìyá ò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Àgbò tí wọ́n ń sìn de Kérésì ló fa lọ sí Ìrè pẹ̀lú okùn yẹn. Ìgbéyàwó wáyé, ó sì dùn. Láti ìgbà náà, Bàbá Ìrè máa ń wá bá wa gun òkè, òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọ̀kadà kan ò tilẹ̀ gbà wọ́n mọ́. Mo bi Ìyá lẹ́yìn ìgbà náà bóyá lóòótọ́ ni bàbá wọn sọ ọ̀rọ̀ yẹn àbí orí òkè ni wọ́n ti hun ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti di òótọ́ báyìí."

A sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Láti ọjọ́ náà ni Tanímọ̀la ti dùbúlẹ̀ ti sàréè, tí kò fẹnu kan nǹkan kan. Òun náà ti di àgbà, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Mo se ẹran fún un, mo fi wàrà po búrẹ́dì, ó kàn ń wò mí. Dádì Lékan ní a máa ti ilé pa lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo èèyàn bá ń padà, pé ọkùnrin kan nínú ìlú ti gbà láti wá mú ajá náà lọ nírọ̀lẹ́. Gbogbo wa la mọ ọkùnrin yẹn, a sì mọ nǹkan tó ń gbé kaná. Mo bẹ Dádì, ó ní kí n mú un lọ sí Ìdó nígbà náà. Onílé mi ò gba ajá. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo jókòó ti Tanímọ̀la, mo sunkún bí mi ò ti sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọ̀kadà kan dúró lójúde. Bàbá Ìrè ló sọ̀ kalẹ̀. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn ọjọ́sí, mo dá a mọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó fi uṣu dè é ti kú, ó ti wá gba tirẹ̀. Mo dìde, mo dúró síwájú ajá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti bá a jẹ uṣu."

Ó yíjú sí ibi tí ohùn mi ti wá, kò sì wò mí dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan ti funfun tán, èkejì ń wá ìmọ́lẹ̀. Ó béèrè bóyá èmi Àdùkẹ́ ni, mo ní èmi ni. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo bá a jẹ uṣu. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó fọwọ́ wá ajá rí. Kò so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ó gbà á láyà, lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, bí ẹni ń gba ọ̀já fún ọmọ. Ó wé ìdí kejì mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ní a kì í so ó mọ́ ọrùn rẹ̀. Wọn ò ní ká má so ó mọ́ ọwọ́ tiwa."

Tanímọ̀la dìde. Mo sáré wọlé, mo mú iṣu àti igi, mo tẹ̀lé wọn. Ajá ń lọ díẹ̀díẹ̀, bàbá arúgbó ń tẹ̀lé e, okùn ò le, kò sì dẹ̀. Níbi tí òkúta bá wà, ajá á dúró dè é. Lọ́nà, Bàbá Ìrè ní òun ti bá Dádì Lékan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé Ìrè ni Tanímọ̀la máa gbé, pé àwọn á máa gbé e wá gun òkè tí ara bá ti gbà. Ẹ̀rín pa mí nínú omijé. Ajá wo ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbé Ìrè? Ó ní, "Gbogbo ọmọ ulé mi ló ti bá a jẹ uṣu lórí òkè yìí. Ta ló kù tó máa pa á?"

Ìkùukù ṣì wà lórí àpáta. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní ó tutù. Mo dáná, mo sun iṣu, mo ha á, mo bù ú. Ebi ń pa mí gidigidi. Mo gbé apá kan síwájú Tanímọ̀la, mo sì ká ọwọ́ mi mọ́ra. Ó wo iṣu náà. Ó wo ibi tí Ìyá máa ń jókòó sí, ó pẹ́ tó fi wo ibẹ̀, èmi náà ń wo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba.

Ajá kọ́kọ́ jẹ. Ìgbà náà ni àwa náà tó jẹ.